Ẹ̀jẹ́ Ojú Ayé àti Àwọn Àṣìṣe Mìíràn Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Ẹ̀jẹ́

Orí àdéhùn ni ìlú Òṣogbo dúró lé. Ìtàn tí a bá nílé ni pé Làróòyè, ọba tó tẹ ìlú náà dó, bá Ọ̀ṣun dá májẹ̀mú: ọba yóò máa bọ ọ́ lọ́dọọdún, Ọ̀ṣun náà yóò máa dáàbò bo ìlú. Ìdí rèé tí Arugbá fi ń ru igbá lọ sódò lóṣù Kẹjọ títí dòní. Ohun tí wọ́n máa ṣe hàn gbangba, ẹni tí yóò ṣe é hàn, àsìkò rẹ̀ náà kò fara sin. Ẹ̀jẹ́ tiwa ló máa ń rí rúdurùdu.

Èyí tó burú jù lójú tèmi ni ẹ̀jẹ́ ojú ayé. Ẹ jẹ́ ká wo ọjọ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó mú gbohùngbohùn ní, “Ta ló máa kọ́kọ́ fún Olúwa ní 100,000 náírà?” Bàbá kan rí àna rẹ̀ níwájú, ló bá dìde. Wọ́n pàtẹ́wọ́, ìlù dún, ó jó padà sáyè rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ sí i létí: “Bàbá Tọ́lá, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ńkọ́?” Àna ló jẹ́ ẹ̀jẹ́ yẹn fún. Ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 5 dáadáa. Ananíà ta ilẹ̀, ó sì mú apá kan owó rẹ̀ wá bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Pétérù kò bá a wí pé owó tó mú wá kéré; ilẹ̀ rẹ̀ ni, owó ilẹ̀ náà sì wà níkàáwọ́ rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ Ananíà ni pé ó fẹ́ fi díẹ̀ pa mọ́, kó sì tún gba ìyìn ẹni tó kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Àwa Mùsùlùmí náà ò yọ nínú ọ̀ràn yìí. Ẹlòmíràn á máa ná Ọlọ́run bí ẹni ń ná ata ní Ọjà Ọba: “Bí O bá fún mi níṣẹ́, màá bọ́ àwọn tálákà.” Kí iṣẹ́ tó dé ńkọ́? Àwọn tálákà ò jẹun ni? Ànábì kọ́ wa pé ẹ̀jẹ́ kì í yí kádàrá padà, pé ọwọ́ ahun ni wọ́n ń tipa bẹ́ẹ̀ gba nǹkan jáde.

Ẹ má fi ohun ẹlòmíràn jẹ́ ẹ̀jẹ́. Ìyá ọkọ á dé etí odò Ọ̀ṣun, á ní bí ìyàwó ọmọ òun bá bímọ, ìyàwó náà ni yóò gbé ọmọ wá jó níbẹ̀. Onígbàgbọ́ ni ìyàwó, kò gbọ́ sí i rárá. Ọmọ dé, ìjà dé. Nínú Bíbélì, Jẹ́fútà náà ní bí òun bá ṣẹ́gun, ẹnikẹ́ni tó bá kọ́kọ́ jáde nílé wá pàdé òun ni òun yóò fi rúbọ. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló jáde. Hánà ní tirẹ̀ fi ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ yóò bí jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún Olúwa, nígbà tó sì já a lẹ́nu ọmú, ó mú un lọ sí Ṣílò, níbi tí ilé Olúwa wà.

Àṣà pípa ẹ̀jẹ́ dà náà wà. Àgbò tẹ́ ẹ ṣèlérí nígbà àìsàn á di àkùkọ nígbà tára bá yá. Bí apá ò bá ká a ní tòótọ́, ẹ má fi adìẹ rọ́pò rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ẹ lọ sọ ọ́ fún àfáà, pásítọ̀ tàbí àwòrò. Nínú Ìsìláàmù, ẹni tí kò lè san ẹ̀jẹ́ ní kàfárà: kó bọ́ tálákà 10 tàbí kó wọ̀ wọ́n láṣọ, bí kò bá sì lágbára ìyẹn, kó gbààwẹ̀ ọjọ́ 3.