Bí mo ṣe kọ ìwé àbá lórí ilé tí apá gbogbo èèyàn lè ká

Ojú ìwé mẹ́rin péré ni wọ́n ní kí n kọ. Ìgbìmọ̀ kékeré kan ló fẹ́ mọ ohun tí ìjọba lè ṣe kí ilé tó bójú mu lè wà ní àrọ́wọ́tó gbogbo èèyàn. Mo rò pé iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà mí.

Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ kò dáa rárá. "Ẹ kọ́ ilé sí i" ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo sì ti kọ ojú ìwé méjì kí n tó rí i pé n kò tíì sọ ẹni tí wọ́n máa kọ́ ọ fún. Mo fà á ya.

Mo wá padà sórí ìtumọ̀. "Ilé tó bójú mu" kò le: ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kan ti to nǹkan méje sílẹ̀ lórí rẹ̀ ní 1991. Lára wọn ni pé kí wọ́n má lè ṣàdédé lé èèyàn síta, kí omi wà, kí ilé má sì jìnnà síbi iṣẹ́. Mo mú un lò, mo kọjá. "Apá ká" ló da ọkàn mi láàmú. Ibi gbogbo tí mo yà sí ni wọ́n ti ń ní kí owó ilé má ju ìdá 30 nínú 100 owó tó ń wọlé. Mo wá orísun rẹ̀ lọ. Ní Amẹ́ríkà, òfin 1969 fi gbèdéke 25 sí owó tí ayálégbé ìjọba máa san. Ní 1981 wọ́n sún un sí 30. Àwọn aṣòfin ló sún un o, ikùn àwọn ayálégbé kò kéré sí i láàárín ọdún méjìlá náà.

Mo bá fa ìlà méjì sórí ìwé. Ìdílé kan ń gba 100, èkejì ń gba 1,000. Tí àwọn méjèèjì bá san ìdá 30, ó ku 70 lọ́wọ́ ti àkọ́kọ́, 700 lọ́wọ́ èkejì. Ká ní oúnjẹ, owó ọkọ̀ àti oògùn jẹ́ 85: àkọ́kọ́ ti jẹ gbèsè, bẹ́ẹ̀ lórí ìwé, apá rẹ̀ ká ilé náà! Mo dábàá pé ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn owó ilé ni kí wọ́n máa wò.

Mo fi han ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń yàwòrán ilé. Ó kà á tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Àbúrò, ó dáa. Lẹ́yìn ogún ọdún ńkọ́, ta ló máa ni ilé yẹn?"

N kò rí èsì fọ̀. Ìbéèrè yẹn ni mo fi yẹ gbogbo àpẹẹrẹ mi wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní Ìlú Ọba, òfin 1980 jẹ́ kí àwọn ayálégbé ìjọba ra ilé wọn ní ẹ̀dínwó. Inú àwọn tó rà á dùn, àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé náà ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn onílé tó ń fi wọ́n pawó. Ní Vienna, olú ìlú Austria, Karl-Marx-Hof, ọgbà ilé ńlá kan tí wọ́n ṣí ní 1930, tí ilé inú rẹ̀ lé ní 1,300, ìlú náà ló ṣì ni ín. Singapore dá àjọ ilé kíkọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1960. Ó ń ta ilé fún àwọn ọmọ ìlú fún ọdún 99, kò sì ta ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Òfin 1966 ló jẹ́ kí ìjọba rí ilẹ̀ gbà lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, kì í sì í ṣe ibi gbogbo lèèyàn ti lè dán irú ẹ̀ wò kí ìjà má bẹ́.

Ìpínrọ̀ lórí fífi owó ran ayálégbé lọ́wọ́, mo yọ ọ́, mo dá a padà, mo tún kọ ọ́. Ó ń ṣiṣẹ́ kíákíá, àmọ́ níbi tí ilé bá ti ṣọ̀wọ́n, owó ilé lè gbéra, kí ìrànwọ́ sì gba àpò ayálégbé kọjá sí ti onílé. Mo so ó mọ́ ilé kíkọ́.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ọkùnrin kan tó ti ń tẹ fóònù rẹ̀ gbórí sókè nígbà tí mo dé orí 70 àti 700. Wọ́n gba àbá yẹn. Ti pé kí ìjọba má ta ilẹ̀ abẹ́ ilé, wọ́n ní ó di ìpàdé tó ń bọ̀. Mo ti tẹ ẹ̀dà mẹ́wàá pa mọ́.