Ẹ ka ẹ̀yìn ike kẹ́ ẹ tó mu ún o

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, kẹ́ ẹ tó ṣí ẹlẹ́rìndòdò, ẹ yí ike yẹn padà kẹ́ ẹ wo iye ṣúgà tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀, torí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ wà níbẹ̀, ti 100ml ni wọ́n sábà máa ń kọ, ike ọwọ́ yín sì lè jẹ́ 500ml, ẹ yáa sọ ọ́ di ìlọ́po 5. Tó bá jẹ́ 10g ni wọ́n kọ, 50g lẹ máa gbé mì yẹn, ó lé ní ṣíbí tíì 12! WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sì ní kí àgbàlagbà má tiẹ̀ jẹ tó 50g lóòjọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bínú sí owó orí ṣúgà, ìyẹn owó tí ìjọba ń gbà lórí ẹlẹ́rìndòdò, mi ò bá yín jà o, àmọ́ Mexico ti ń gbà á láti 2014. Ẹ wo ẹ̀yìn júùsì náà, òun gan-an ló burú jù nígbà míì.