Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nípa ilé tó ń mì l'Ékòó

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ̀ ń gbé nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ní Lagos Island, Ẹ̀bútè Mẹ́ta, Mushin, ẹ jọ̀ọ́, ilé tí ò dúró dáadáa, lọ́pọ̀ ìgbà ó máa ń hàn lára ẹ̀ tipẹ́ kó tó wó.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni kí ògiri sán, kí lándílọ́ọ̀dù pe bíríkìlà kó wá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, kí wọ́n kun pẹ́ńtì sí i, kí wọ́n sì gba rẹ́ǹtì lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́! Ojú ògiri lẹ tún ṣe, ohun tó ń là á ṣì wà nísàlẹ̀ tàbí nínú pílà. Òótọ́ ni pé ibi tó sán tó tín-ín-rín bí irun orí lè máà ju ojú ògiri lọ, àmọ́ tó bá gba ìdàbú láti igun fèrèsé tó sì ń fẹ̀ sí i, tàbí pílà ló sán, tàbí ilẹ̀kùn tó ń tì dáadáa tẹ́lẹ̀ wá ń há, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti pẹ́ńtì. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì síbi tó parí sí, ẹ kọ déètì sí i, ẹ ya fọ́tò ẹ̀. Tó bá kọjá àmì yẹn, ẹ má tẹ́tí sí "kò séwu" lándílọ́ọ̀dù, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, ẹ pe LASBCA, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó ń mójú tó ilé kíkọ́.

Ẹ má kọ́ àjà lé ilé tí wọ́n ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀ fún ilé ilẹ̀ nìkan. Ẹ má wó ògiri ìsàlẹ̀ torí ẹ fẹ́ yọ ṣọ́ọ̀bù láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnjiníà, ó lè jẹ́ òun ló gbé òkè dúró. Táǹkì náà ńkọ́? Omi lítà 1,000, kílò 1,000 nìyẹn, lórí dẹ́kì tó ti gbó.

Tí ìjọba bá sì fi ọ̀dà pupa sàmì sílé pé ó léwu, ẹ má pa á rẹ́. Ilé tó wó ní Ìta Fàájì lọ́jọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, tí ilé ìwé àwọn ọmọdé wà lókè ẹ̀, wọ́n ní wọ́n ti sàmì sí i tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ àwọn èèyàn ṣì wà nínú ẹ̀, àwọn ọmọ sì kú. Mo mọ̀ pé ẹni tó ti san rẹ́ǹtì ọdún kan, ibi tó máa kó lọ ò rọrùn láti rí, ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ kéèyàn máa fara dà á. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó ilé míì, ẹ yẹ pílà ìsàlẹ̀ wò, kẹ́ ẹ bi lándílọ́ọ̀dù bóyá wọ́n ti tẹ́ẹ̀sì ilé náà rí láti mọ̀ bó ṣe lágbára tó, kó fi ìwé ẹ̀ hàn yín.