Rọ́tà Tí Mo Fi ₦38,000 Rà Lásán

Ká ní mo kọ́kọ́ wo nọ́ńbà kan ṣoṣo ni, ₦38,000 mi ì bá ṣì wà nílẹ̀. Èmi àtàwọn àbúrò mi fẹ́ jọ máa gbá eré orí kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Minecraft, sáfà (kọ̀ǹpútà tí gbogbo wa máa so mọ́ láti gbá a) á sì wà lọ́dọ̀ mi ní Yábàá. Ẹni tó ta rọ́tà fún mi ní tí n bá ti ṣí pọ́ọ̀tù 25565 (ẹnu ọ̀nà tí Minecraft ń gbà) nínú rẹ̀, ó bùṣe. Mo ṣí i. Kò sẹ́ni tó rí i wọlé. Mo pa rọ́tà, mo tún un tàn, ó kù díẹ̀ kí n da òróró sí i lórí.

Àṣé àdírẹ́ẹ̀sì tí íntánẹ́ẹ̀tì ilé wa fún un, 10 ló fi bẹ̀rẹ̀. Ará ìta kò lè kan irú rẹ̀ láéláé: rọ́tà onílé ló wà lẹ́nu géètì, ilẹ̀kùn yàrá lásán ni tèmi. Bọ̀ọ̀dá tó ń bójú tó o ní pọ́ọ̀tù 80 àti 443 nìkan la lè gbà jáde. Bí mo bá rọ́gbọ́n mìíràn dá, kò kan òun.

Mo bá háyà sáfà kékeré kan ní Jámánì. Minecraft fúnra rẹ̀ kò sí lórí ìyẹn, Yábàá ló ṣì wà. SSH, ètò téèyàn fi ń darí kọ̀ǹpútà tó wà lọ́nà jíjìn, máa ń lo pọ́ọ̀tù 22, wọ́n sì ti dí i, mo bá sún un sí 443. Mo fi àṣẹ -R inú SSH fa 25565 láti Yábàá dé ọ̀hún, kí ẹni tó bá kanlẹ̀kùn ní Jámánì lè dé ọ̀dọ̀ mi, ó gbà wẹ́rẹ́. Orí mi wú.

Kò ì tíì yẹ kó wú. SSH ní òun ti so pọ̀, àbúrò mi ní Ìkòròdù ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ó tún kọ̀ o.” Mo ṣí firewall (ẹ̀ṣọ́ tó ń dènà àlejò) sáfà Jámánì, ó kọ̀. Wọ́n mú iná lọ, wọ́n mú un dé, ó ṣì kọ̀. Ọjọ́ méjì gbáko! Láago méjì òru ni mo tó tẹ ss -tln, àṣẹ tó ń fi pọ́ọ̀tù tó ṣí hàn, lórí sáfà náà, mo wá rí 127.0.0.1:25565 níbi tó yẹ kí 0.0.0.0 wà. Sáfà náà ń dá ara rẹ̀ lóhùn ni, kò dá ẹni tó ń kanlẹ̀kùn lóhùn. Bí SSH ṣe máa ń ṣe nìyẹn, àfi téèyàn bá kọ GatewayPorts yes sínú sshd_config (fáìlì ìtòlẹ́sẹẹsẹ SSH lórí sáfà), kó tún sshd (SSH ti sáfà náà) tàn, kó sì tún un so. Ọ̀rọ̀ méjì péré!

Bó bá ń ṣe yín bẹ́ẹ̀, ẹ yẹ àdírẹ́ẹ̀sì rọ́tà yín wò kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀. Tèmi ń fà díẹ̀, torí ohun tó ń ti Yábàá lọ sí Ìkòròdù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà ní Jámánì. Àbúrò mi wọlé, kò tiẹ̀ kí mi. Igi tí mo gbìn sẹ́nu ọ̀nà ló kọ́kọ́ gé.