Bí A Ṣe Ń Ka Ìtàn Rábì Small Kí A Lè Dá Apànìyàn Mọ̀ Kí Rábì Tó Dárúkọ Rẹ̀

Bí ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ oníbọn àti onílépa bá ti sú yín, ẹ lọ wá ìwé Harry Kemelman. Ọmọ Boston ni, iṣẹ́ olùkọ́ ló ṣe. Wọ́n bí i ní 1908, ó sì kú ní 1996. Rábì, olùkọ́ òfin ẹ̀sìn àwọn Júù, ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé rẹ̀. David Small ni orúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin tínínrín tí aṣọ rẹ̀ kì í yé rún, tó ń ṣiṣẹ́ ní sínágọ́gù ìlú kékeré kan létí òkun ní Massachusetts. Kò gbé ìbọn, kò lé ẹnikẹ́ni. Ìrònú ló fi ń mú ọ̀daràn, ìdí nìyẹn tí òǹkàwé fi lè bá a du ú, bó bá mọ bí a ṣe ń kà á.

Friday the Rabbi Slept Late ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. 1964 ló jáde, ó sì gba Edgar, àmì-ẹ̀yẹ ìtàn ọ̀daràn, fún àkọ́kọ́ ìwé òǹkọ̀wé tuntun ní 1965. Àwọn tó tẹ̀ lé e ń gba ọjọ́ ọ̀sẹ̀ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan: Saturday ní 1966, Sunday ní 1969, títí dé Thursday ní 1978. Ẹ kà wọ́n bí wọ́n ṣe tò, torí ọ̀rẹ́ àti ìjà inú sínágọ́gù yẹn ń dàgbà láti ìwé kan bọ́ sí òmíràn.

Kí ẹ tó ṣí i, ẹ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ rábì. Ẹni tó bá ń fojú pásítọ̀ tàbí fadá wò ó ti ṣìnà. Rábì kì í dúró láàárín Ọlọ́run àti ènìyàn. Bí ọkùnrin mẹ́wàá bá ti pé, àdúrà ìjọ lè lọ láìsí i. Ibi tí ìwé náà ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni pé àwọn mẹ́sàn-án jókòó, wọ́n ń retí ẹnì kẹwàá kí àdúrà òwúrọ̀ tó lè bẹ̀rẹ̀. Onímọ̀ òfin ni rábì, olùkọ́ ni, onídàájọ́ sì ni. Ìdájọ́ yìí ni Rábì Small kà sí iṣẹ́ òun ju ohunkóhun lọ, bẹ́ẹ̀ ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ ń wá ni ẹni tó gbayì lójú, tó lè sọ̀rọ̀ tó dùn létí láàárín ìlú.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti pẹ́ jù lọ ni ẹjọ́ ọkọ̀, tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé, kí ẹnikẹ́ni tó kú rárá. Ọ̀pọ̀ ń sáré kọjá níbẹ̀ torí wọ́n ń wá òkú. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì ń jà: ọkọ̀ ọ̀kan bàjẹ́ nígbà tí èkejì yá a, ọ́ìlì ti gbẹ, ẹ́ńjìnnì sì ti jóná. Ta ni yóò san owó? Rábì ní kí wọ́n jẹ́ kí òun dá a ní ìlànà àwọn baba wọn, èyí tí àwọn Júù ń pè ní din Torah.

Ẹ pa ìwé dé níbẹ̀. Ẹ ṣí Ẹ́kísódù 22, ẹsẹ 14 àti 15: bí ohun tí a yá bá bàjẹ́ tí ẹni tó ni ín kò sí níbẹ̀, ẹni tó yá a ni yóò san án, bí ẹni tó ni ín bá wà níbẹ̀, kò ní san. Ẹ wá bi ara yín: ta ló wà nínú ọkọ̀ yẹn? Ta ló ń wà á? Ìgbà wo ni ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ta ló sì lè mọ̀? Ẹ kọ ìdájọ́ tiyín sílẹ̀, kí ẹ tó ṣí ojú ewé láti gbọ́ ti Rábì. Bí tiyín àti tirẹ̀ kò bá dọ́gba, kò burú. Ẹ ṣáà ṣọ́ bó ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀. Kò bìkítà nípa ẹni tó ń pariwo jù, kò sì wo ẹni tí ìjọ fẹ́ràn. Ipò tí olúkúlùkù wà ní àkókò kọ̀ọ̀kan ló ń wá. Bó ṣe tú ẹjọ́ ọkọ̀ yìí ni yóò ṣe tú ti ìpànìyàn, ẹni tó bá sì fara balẹ̀ kọ́ ọ níhìn-ín ti ní irinṣẹ́ lọ́wọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú ìwé kékeré àti bírò. Ní alẹ́ Thursday, Rábì pẹ́ ní sínágọ́gù, ìwé ló gbá a mú. Ó fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ ilé. Nígbà tó yá wọ́n rí òkú ọmọbìnrin kan nínú ọgbà sínágọ́gù. Wọ́n ti fún un lọ́rùn. Ọmọ-ọ̀dọ̀ tó ń tọ́jú ọmọ nílé àwọn kan ní ìlú náà ni. Inú ọkọ̀ Rábì ni wọ́n sì ti rí báàgì rẹ̀.

Ẹ la ojú ìwé yín sí ọ̀nà mẹ́ta: ohun tí a fojú rí, ẹni tó sọ ọ́, àti ohun tí àwọn ènìyàn ń fà yọ nínú rẹ̀. Pé báàgì wà nínú ọkọ̀, ohun tí a rí nìyẹn. Pé ọmọbìnrin náà jókòó nínú ọkọ̀ yẹn, a kò rí i, èrò ni. Pé Rábì mọ̀ ọ́n rí, èrò orí èrò ni. Ó lè jẹ́ ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ló wọ ọkọ̀, ó lè jẹ́ pé ẹlòmíràn ló gbé báàgì síbẹ̀ lẹ́yìn tó kú. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì kọ ìdí tí yóò fi jẹ́ ọkọ̀ yẹn gan-an. Iṣẹ́ yìí gba sùúrù, àmọ́ òun ló ń ya òǹkàwé tó mòye sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń méfò.

Ẹ má fo àwọn ìpàdé ìgbìmọ̀ sínágọ́gù. Ìwé nípa àwọn Júù tó ń kọ́ sínágọ́gù ní ìlú tuntun ni Kemelman kọ́kọ́ kọ, tí àwọn atẹ̀wé kò gbà, kí wọ́n tó gbà á nímọ̀ràn pé kó fi ìtàn ọ̀daràn kún un. Nítorí náà, àríyànjiyàn lórí bóyá wọn yóò tún gba Rábì síṣẹ́, tí Wasserman alága ń gbè é, tí Becker sì ń takò ó, jẹ́ ara ìtàn pátápátá. Bákan náà ni ìjíròrò Rábì àti Lanigan, ọ̀gá ọlọ́pàá tó jẹ́ Kátólíìkì. Afurasí àti ọlọ́pàá ni wọ́n, síbẹ̀ wọ́n ń jíròrò ẹ̀sìn bí ọ̀rẹ́, àwọn ojú ewé wọ̀nyí sì ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìwé náà. Níbikíbi tí Rábì bá ti ya ohun méjì tó jọra sọ́tọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Tálímúdì, ìwé àríyànjiyàn òfin àwọn Júù, ti ń ṣe nínú ohun tí wọ́n ń pè ní pilpul, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sí i.

Nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún Lanigan, ẹ tún pa ìwé dé. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ẹ fura sí. Ẹ dán an wò: ṣé ó sọ ìdí tí òkú fi wà níbẹ̀? Ṣé ó sọ ìdí tí báàgì fi wà nínú ọkọ̀? Bí ọ̀kan bá kù láìdáhùn, ẹ padà sí àwọn ojú ewé alẹ́ Thursday, ẹ má tíì kọjá síwájú.

Tí ẹ bá parí rẹ̀, Saturday the Rabbi Went Hungry ló kàn. Ọkùnrin kan kú nínú ọkọ̀ rẹ̀ nínú gáréèjì, àríyànjiyàn sì dé lórí bóyá ó pa ara rẹ̀ ni, torí ó kan bí wọn yóò ṣe sin ín ní itẹ́ àwọn Júù. Àkókò Yom Kippur, ọjọ́ ààwẹ̀ ètùtù àwọn Júù, ni, nítorí náà ẹ ka Léfítíkù 23, ẹsẹ 26 sí 32, ṣáájú. Ìrọ̀lẹ́ ni ààwẹ̀ yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni kí ẹ ti máa kọ aago sílẹ̀.