Kí Ẹran Tó Kúrò Nínú Ìkòkò: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Bẹ̀rẹ̀ Oúnjẹ Aláìlẹ́ran ní Òṣogbo àti Agbègbè Rẹ̀

Ìwé yìí wà fún àgbẹ̀, àti fún ilé tó ti pinnu láti dín ẹran kù tàbí láti fi í sílẹ̀ pátápátá nítorí ìlera. Dókítà ló ti sọ fún àwọn kan pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru; àwọn mìíràn rèé, iye tí wọ́n ń dá lé ẹran lọ́jà ló lé wọn débẹ̀. Ibi yòówù kí ẹ gbà wọlé, ohun kan náà la ní láti kọ́kọ́ sọ fún yín: ẹ má yọ ẹran kúrò nínú ìkòkò kí ẹ tó mọ ohun tí ẹ máa fi rọ́pò rẹ̀.

Ẹni tó yọ ẹran tó sì fi òkèlè sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ̀bà àti ata ló kù sí i lọ́wọ́. Gààrí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní pròtéènì, ìyẹn èròjà tó ń kọ́ ara, kankan nínú. Èlùbọ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ. Kò ní pẹ́ tí yóò fi máa rẹ onítọ̀hún, ebi á tètè máa pa á, á wá máa bu òkèlè kún òkèlè, ikùn á máa yọ. Tó bá yá, á ní oúnjẹ aláìlẹ́ran kò bá òun lára mu. Kò tíì jẹ ẹ́ rí ni.

Èrè rẹ̀ kì í ṣe kékeré fún ẹni tó bá ṣe é dáadáa. Ẹ̀wà, ewébẹ̀ àti èso ń mú kí ìgbẹ́ rọrùn láti yà, wọ́n ń ran ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru lọ́wọ́, wọ́n sì ń dín ọ̀rá burúkú kù nínú ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún 2015, àjọ tó ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ẹran tí wọ́n ti fi iyọ̀ tàbí èéfín tọ́jú, irú bíi sọ́séèjì, mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Wọ́n ní ó jọ pé ẹran pupa náà ń fà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ẹran sílẹ̀ tó wá ń fi ẹlẹ́rìndòdò ti búrẹ́dì funfun wọlé láàárọ̀ lálẹ́ kò tíì ṣe nǹkan kan.

Irú èyí tí ẹ fẹ́

Àwọn kan fi ẹran àti ẹja sílẹ̀, wọ́n ṣì ń jẹ ẹyin, wọ́n ń mu mílíìkì, wọ́n ń jẹ wàrà. Àwọn mìíràn kì í fọwọ́ kan ohunkóhun tó ti ara ẹranko wá. Ti àkọ́kọ́ la gba olùbẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn láti mú, ìdí rẹ̀ yóò hàn níwájú. Edé wà lára ohun tí ẹ ń fi sílẹ̀, omi ẹran náà wà níbẹ̀. Pọ̀nmọ́ ńkọ́? Awọ màlúù ni o, bí àwọn kan tilẹ̀ ń jẹ ẹ́ bí ẹni pé kì í ṣe ẹran.

Ẹ má fi gbogbo ọ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ọjọ́ méjì, kí ẹ sì fi oúnjẹ tí ẹ ti mọ̀ láti kékeré kún un: àkàrà àti ẹ̀kọ tútù, ẹ̀wà àti dòdò, àdàlú, ẹ̀kuru pẹ̀lú ata díndín, àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú, mọ́ínmọ́ín tí kò ní ẹja nínú. Kò sí èyí tó ṣàjèjì níbẹ̀. Tó bá ti mọ́ yín lára, ẹ sọ ọ́ di ọjọ́ mẹ́rin, kí ẹ máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ìyàwó ilé tó ń dáná fún bàbá àti àwọn ọmọ kò nílò láti gbé ìkòkò méjì kaná. Ẹ ro ẹ̀fọ́ yín, ẹ fi ìrù, àlùbọ́sà àti ẹ̀gúsí sí i, ẹ bu tiyín kúrò, lẹ́yìn náà ni kí ẹ da ẹran tàbí ẹja àwọn tó kù sínú èyí tó ṣẹ́kù. Ìrù ló ń gba ọbẹ̀ aláìlẹ́ran là. Ẹ má háwọ́ sí i. Yálà ìrù wòrò ni tàbí ìrù pẹ̀tẹ̀, ó ń ṣe iṣẹ́ tí màgí mẹ́ta kò lè ṣe, iyọ̀ rẹ̀ kò sì tó ti màgí. Àwa rí i pé epo ni ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ fi ń rọ́pò adùn ẹran, títí epo á fi máa léfòó lórí ẹ̀fọ́. Ìyẹn kò ran ọkàn lọ́wọ́. Epo pupa dára ní ìwọ̀nba, ẹ má sì yọ́ ọ títí yóò fi funfun, nítorí iná ló ń pa fítámì A tó wà nínú àwọ̀ pupa yẹn.

Ẹ̀wà ni ẹran yín

Nínú 100 gíráàmù ẹ̀wà gbígbẹ, pròtéènì tó wà níbẹ̀ tó nǹkan bíi gíráàmù 23. Ẹ̀pà ní nǹkan bíi 25, sóyà sì ń lọ sí 36. Èyí tí ẹ̀wà kò ní tó nínú àwọn èròjà tó para pọ̀ di pròtéènì, àgbàdo, ìrẹsì àti ọkà bàbà ní in. Ohun tí àwọn yẹn kò ní tó, ẹ̀wà ní in. Àwọn ìyá wa tó ń fi àkàrà mu ògì, tó ń se àdàlú, mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Kò pọn dandan kí méjèèjì wà nínú àwo kan náà, bí ẹ bá ṣáà ti jẹ wọ́n lọ́jọ́ kan náà. Ìdajì agolo mílíìkì ẹ̀wà gbígbẹ lóòjọ́ ni kí àgbàlagbà kan fi bẹ̀rẹ̀, kó tó kan ẹ̀pà àti àwọn yòókù.

Ẹ̀wà máa ń kún inú ẹni tí kò bá mọ́ lára, onítọ̀hún á sì máa só. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ da omi náà nù, ẹ fi omi mìíràn sè é dé ibi tó ti rọ̀ dáadáa. Rírẹ yìí tún ń dín gáàsì tàbí èédú tí ẹ máa jó kù. Kàn-ún tí àwọn kan ń sọ sí i kó lè tètè jinná, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀: ó ń ba ọ̀kan lára fítámì inú ẹ̀wà jẹ́, sódíọ́ọ̀mù tó wà nínú iyọ̀ ló sì wà nínú rẹ̀, èyí tí kò yẹ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Tí ẹ bá ń ra ẹ̀wà ní Ọjà Ọba tàbí Orísunbáre, ẹ bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Èyí tó bá ń rùn bí oògùn kòkòrò, ẹ má rà á, bó ti wù kó mọ́ tó. Ẹ̀wà tí kòkòrò ti lu díẹ̀ ṣeé ṣà. Oògùn kòkòrò kò ṣeé fọ̀ kúrò. Bí ẹ bá rí òtílí tàbí sèsé lọ́wọ́ àwọn ìyá arúgbó tó ń bọ̀ láti oko, ẹ rà á. Wọn kì í tètè jinná, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbé inú ró.

Sóyà ló pọ̀ lérè jù, òun náà sì ni àwọn èèyàn kì í mọ bí wọ́n ṣe ń lò. Ẹ má jẹ ẹ́ ní tútù, ẹ má sì da ìyẹ̀fun rẹ̀ tí iná kò tíì kàn sínú ògì ọmọ, nítorí ó ní ohun kan nínú tí kì í jẹ́ kí pròtéènì dà nínú ikùn, iná ló ń pa á. Wàrà sóyà ni ẹ máa ṣe. Ẹ rẹ kóńgò sóyà kan mọ́jú, ẹ bó èèpo tó bá ṣí kúrò, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ fi omi púpọ̀ sẹ́ ẹ nínú aṣọ asẹ́ bí ẹ ṣe ń sẹ́ ògì. Ẹ gbé omi funfun náà kaná, ẹ máa rò ó kó má baà jóná nísàlẹ̀, ẹ sì jẹ́ kó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó kéré tán; ojú iná ni kí ẹ dúró sí, nítorí ó máa ń ru jáde. Ẹ wá da omi ògì kíkan sí i díẹ̀díẹ̀, tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ máa rí i tó ń dì, tí omi rẹ̀ ń mọ́ gaara. Ẹ kó o sínú aṣọ, ẹ dì í, ẹ gbé òkúta lé e títí omi á fi jò tán. Bí ẹ ṣe ń gé e sínú ọbẹ̀ ata bíi wàrà Fúlàní náà ni ẹ lè dín in. Èèpo tó kù nínú asẹ́ kì í ṣe ìdọ̀tí, adìẹ fẹ́ràn rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá sè é.

Ewé àti èso

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà jẹ èso àti ewébẹ̀ tó tó 400 gíráàmù lójúmọ́, ó kéré tán. Nínú àwo tiwa, òkèlè máa ń ga, ẹ̀fọ́ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó wá kí i. Ẹ yí i padà. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, úgú, ewúro, ebòlò, amúnútutù, kò sí èyí tí kò dára. Yánrin ńkọ́, ẹ̀fọ́ tí àwọn olóòṣà mọ̀ sí oúnjẹ Ọ̀ṣun? Ó ń hù fúnra rẹ̀ lẹ́bàá oko, àwọn ọ̀dọ́ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kọjá. Ẹ má bọ ẹ̀fọ́ títí tó fi máa di ẹrẹ̀. Ní ti fífún omi rẹ̀ dànù, ewúro nìkan la fọwọ́ sí i fún, nítorí ìkorò.

Irin, ìyẹn èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, tó wà nínú ewé àti ẹ̀wà kì í tètè wọ inú ẹ̀jẹ̀ bíi ti ẹran. Ọsàn, ìbẹ́pẹ, gúrọ́fà tàbí tòmátì tútù tí ẹ bá jẹ mọ́ oúnjẹ náà ń fà á wọlé. Tíì ń dí i lọ́nà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wákàtí kan kọjá lẹ́yìn oúnjẹ kí ẹ tó mu ún.

Ohun tí ewé kò ní

Fítámì B12 kò sí nínú ewé, kò sí nínú ẹ̀wà, ẹ má sì gbà bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ìrù ní in tó. Àgbàlagbà nílò 2.4 máíkírógíráàmù lójúmọ́. Ẹyin kan ní nǹkan bíi 0.5, ife mílíìkì kan lé díẹ̀ ní 1. Ìdí tí a fi ní kí olùbẹ̀rẹ̀ má tíì fi ẹyin àti mílíìkì sílẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá fi wọ́n sílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lo oògùn B12 láti ilé ìtajà oògùn tó fọkàn tán. Ara máa ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́ fún ọdún mélòó kan, ìdí nìyẹn tí ìyà rẹ̀ fi ń pẹ́ kó tó hàn: àárẹ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó ń kú tipiri, ìgbàgbé. Tí ẹ bá dúró dìgbà tí ẹ máa rí wọn, ó lè ti pẹ́ jù.

Aboyún àti ìyá tó ń tọ́mọ kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìsọ fún nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ń lọ. Ẹ má gba ẹyin, mílíìkì àti ẹja lẹ́nu ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún nítorí ìpinnu àgbàlagbà. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, ṣúgà rẹ̀ lè já sílẹ̀ bí oúnjẹ bá yí padà, kí dókítà mọ̀ sí i. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà púpọ̀ lè léwu fún un. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má ṣe fúnra yín dá a dúró torí pé ẹ ti ń jẹ ewé.

Ẹ gbìn ín

Ẹni tó ní àyè bẹ́ẹ̀dì méjì lẹ́yìnkùnlé kò nílò láti ra tẹ̀tẹ̀. Irúgbìn rẹ̀ kéré, ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ẹ ti lè já a. Ti ewédú máa ń le láti hù: ẹ di í sínú aṣọ, ẹ rì í bọ omi gbígbóná fún nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ sá a kí ẹ tó gbìn ín. Ìgbẹ́ adìẹ tútù ń jó ewé, ẹ jẹ́ kó jẹrà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi kànga ni kí ẹ máa bu rin ẹ̀fọ́. Ẹ má bu ti gọ́tà. Odò Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ti ń ṣàn ní pípọ́n rẹ́súrẹ́sú láti ìgbà tí àwọn awakùsà ti ń wa góòlù lápá Ìjẹ̀ṣà, a kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi bomi rin ohun tó máa jẹ ní tútù.

Ẹ̀wà ní tirẹ̀, ìparí oṣù kẹjọ sí àárín oṣù kẹsàn-án ló dára jù lágbègbè wa. Èyí tí ẹ bá tètè gbìn, inú òjò ni yóò ti gbó, á sì jẹrà lórí igi. Kòkòrò tó ń jẹ òdòdó àti èyí tó ń jẹ èèpo èso rẹ̀ ni ọ̀tá rẹ̀ gan-an, ẹ máa bẹ̀ ẹ́ wò láti ìgbà tó bá ti ń yọ òdòdó. Tí ẹ bá pa ẹ̀wà náà kúrò nínú èèpo tán, ẹ sá a títí tí ẹ bá fi eyín gé ọ̀kan yóò fi fọ́ kíá láìrọ̀. Ẹ kó o sínú àpò onípele-mẹ́ta, ìyẹn ọ̀rá méjì nínú àti àpò híhun lẹ́yìn, ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, ẹ so ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ gírígírí. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ kò ní rí èémí mí, ẹ kò sì nílò oògùn kankan. Ẹ gbé e lé pákó, kì í ṣe ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, ẹ má sì tú u wò kó tó pé oṣù kan.