Kí Ẹ Tó Lọ Wo Báńdì Nílé Orin Kékeré ní Ìlú Ọba

Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ti Yábàá, Ṣúrùlérè àti Ìsàlẹ̀ Èkó lọ sí Ìlú Ọba máa ń bi mí kò ju mẹ́ta lọ: ilé, iṣẹ́, òtútù. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ibi tí èèyàn ti lè gbádùn ara rẹ̀ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ láìná owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan. Bẹ́ẹ̀, ìdánìkanwà ń ba ọkàn jẹ́ níbẹ̀ ju òtútù lọ. Ilé orin kékeré ni mo ti mọ èèyàn nígbà tí mo ń gbé ibẹ̀, kí n tó padà wá sí Ṣúrùlérè. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rọ ẹnikẹ́ni tó bá ń lọ pé kó wá irú ibẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ó ní ètò, ètò náà kò sì jọ ti Èkó rárá.

Orin tí mò ń sọ ni indie rock: gìtá kan tàbí méjì, báàsì, ìlù, àti olórin tí kò ní ilé-iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn. Àwọn fúnra wọn ló ń wa bọ́ọ̀sì wọn láti ìlú kan dé òmíràn, àwọn ló ń gbé ẹ̀rọ wọlé, àwọn náà ló ń ta àwo wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé orin gìtá aláriwo kì í ṣe ti ọmọ Èkó, ẹ má gbà fún un. Báńdì BLO, tí Laolu Akins ń lu ìlù fún, bẹ̀rẹ̀ níbí ní 1972. Ọmọ ilé-ìwé St Gregory's ní Obalende ni àwọn tó dá Ofege sílẹ̀, wọn ò tíì jáde nílé-ìwé nígbà tí àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1973. Kì í ṣe orin ẹlòmíràn lẹ fẹ́ lọ yá. Ẹ ní ẹ̀tọ́ sí i.

Ilé tí wọ́n ti ń ṣe é kì í tóbi. Òmíràn jẹ́ yàrá ẹ̀yìn pọ́ọ̀bù tí èèyàn 100 máa kún fọ́fọ́, òmíràn gba 300. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Windmill ní Brixton ni mo kọ́kọ́ máa ń dárúkọ. Bí ẹ bá wò ó láti ìta, pọ́ọ̀bù lásán ni, ó wà ní Blenheim Gardens, nítòsí ẹ̀rọ ìlọkà àtijọ́ tí atẹ́gùn ń yí, èyí tí wọ́n kọ́ ní 1816. Níbẹ̀ ni black midi, Squid àti Black Country, New Road ti ń ṣeré kí orúkọ wọn tó ròkè. Ẹni tó bá ń gbé Peckham, níbi tí Yorùbá ti ń dún létí bíi ti Ìdúmọ̀tà, bọ́ọ̀sì 37 máa gbé e dé Brixton láìpààrọ̀ ọkọ̀. 100 Club ní Oxford Street ti ń gba olórin láti 1942. Bí Leeds ni wọ́n gbé yín lọ, Brudenell Social Club wà ní Hyde Park, àdúgbò tí akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí. Ní Glasgow, King Tut's Wah Wah Hut ni. Níbẹ̀ ni Alan McGee, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ àwo kan, ti rí báńdì Oasis ní oṣù Karùn-ún 1993, tó sì fún wọn ní àdéhùn. Wọ́n kọ orúkọ àwọn tó ti ṣeré níbẹ̀ sára àtẹ̀gùn, ọdún kọ̀ọ̀kan ní ìgbésẹ̀ tirẹ̀. Ìlú yòówù kí ẹ wà, ẹ wá ojú-ewé ilé orin tó sún mọ́ yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ máa rí ètò oṣù tó ń bọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aago ni mo fẹ́ kí a jókòó tì dáadáa. Nílé níbí, bí wọ́n bá kọ aago mẹ́jọ alẹ́ sí ìwé ìpè, ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá dé ní aago mẹ́jọ máa bá wọn níbi tí wọ́n ti ń to àga ni. Ní Shrine n'Ìkẹjà, òru á ti jìn kí ibẹ̀ tó gbóná gan-an. Lóde àríyá, olórin jùjú lè kọrin títí ilẹ̀ á fi mọ́. Lọ́hùn-ún, aago tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa ṣílẹ̀kùn. Bó bá jẹ́ 7:30, báńdì àkọ́kọ́ lè gun orí pèpéle ní aago mẹ́jọ, ìkejì ní 8:45, àwọn tí wọ́n kọ orúkọ wọn gàdàgbà sára ìwé ìkéde á bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 9:30. Tó bá di aago mọ́kànlá, ó ti parí. Wọ́n á tan iná, àwọn òṣìṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ife. Ẹni tó bá ṣe bí ará Èkó, tó jáde nílé ní aago mẹ́wàá, á pàdé àwọn èrò lójú ọ̀nà níbi tí wọ́n ti ń lọ sílé.

Òfin ló wà nídìí aago mọ́kànlá yẹn. Live Music Act ti 2012 gba pọ́ọ̀bù àti ilé tó ní ìwé àṣẹ ọtí láyè, ní England àti Wales, láti gbé olórin wá láìgba àṣẹ eré lọ́tọ̀, bí èrò ò bá ti ju 200 lọ, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di mọ́kànlá alẹ́. Ní 2015 wọ́n sọ iye èrò náà di 500. Ilé tó bá fẹ́ kọjá aago yẹn ní láti gba àṣẹ tirẹ̀, aládùúgbò tó fẹ́ sùn náà sì lè fẹjọ́ ariwo sun káńsù. Night & Day Café ní Manchester wà lẹ́nu irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ láti 2021 títí wọnú 2024. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní ó tó, kì í ṣe pé wọ́n kórìíra yín. Ilé wọn ni wọ́n ń dáàbò bò.

Lọ́jọ́ eré gan-an, ilé orin tàbí báńdì máa ń gbé àkókò tí oníkálukú máa gun pèpéle sí Instagram. Ẹ wò ó kí ẹ tó jáde. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má fojú di báńdì àkọ́kọ́. Àwọn èrò tó bá tètè dé kì í pọ̀, àyè á wà níwájú, ẹ ó sì máa wo ìka onígìtá bó ṣe ń rìn lórí okùn. Ọ̀pọ̀ báńdì tí mo fẹ́ràn títí dòní, báńdì àkọ́kọ́ ni wọ́n lálẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí wọn.

Owó tíkẹ́ẹ̀tì ilé kékeré sábà máa ń wà láàárín pọ́ùn 8 sí 20. Ẹ fojú sí owó àfikún tó lè wà lórí rẹ̀. Ní ti DICE, ápù kan tí wọ́n fi ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, gbogbo owó náà ni wọ́n máa ń fi hàn yín látìbẹ̀rẹ̀, orí fóònù ni tíkẹ́ẹ̀tì náà sì wà, àmì tí wọ́n máa yẹ̀ wò lẹ́nu ọ̀nà kì í jáde àfi tí àkókò eré bá súnmọ́lé. Ẹ rí i pé bátìrì fóònù yín kún. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá ti tán, ẹ forúkọ sílẹ̀ mọ́ àwọn tó ń dúró de tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹlòmíràn bá dá padà lórí ápù kan náà, tàbí kí ẹ wo Twickets, níbi tí ẹni tí kò lè lọ mọ́ ti ń tà á láìfi èrè lé e. Ẹ má ra lọ́wọ́ ẹni tó ń pariwo tíkẹ́ẹ̀tì lójú títì. Bí eré náà bá sì kéré gan-an, ẹ lè sanwó lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ mú káàdì báńkì dání, nítorí ibòmíràn kì í gba owó bébà mọ́.

Ìwé ìdánimọ̀ ṣe pàtàkì. Ọdún 18 ni òfin gbà kí èèyàn tó ra ọtí, ṣùgbọ́n wọ́n lè ní kí ẹnikẹ́ni tójú rẹ̀ bá jọ ti ẹni tí kò tó ọdún 25 mú ìwé jáde, ojú àwa èèyàn dúdú kì í sì í tètè gbó. Físà yín ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò wúlò fún báúńsà. Páàsípọ́ọ̀tù Nàìjíríà á gbà yín wọlé, àmọ́ èmi ò gbà pé kó máa bá yín káàkiri pọ́ọ̀bù. Bó bá sọnù, ẹ mọ irú ìyà tó wà nídìí gbígba òmíràn. Ẹ forúkọ sílẹ̀ fún ìwé àṣẹ ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà, pọ́ùn 34 ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá sì ní àṣẹ láti gbé níbẹ̀ tó ọjọ́ 185 lè gbà á. Káàdì kékeré ni, ó ní àwòrán àti ọjọ́ ìbí, gbogbo ẹnu ọ̀nà ló mọ̀ ọ́n. Kò dìgbà tí ẹ bá ní mọ́tò kí ẹ tó lò ó. Àwọn báúńsà náà gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìjọba, káàdì wọn máa ń wà lápá tàbí láyà. Wọ́n lè tú báàgì yín wò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u, ẹ fèsì ní pẹ̀lẹ́.

Bí ẹ bá ti wọlé, kò sí àga. Orí ìdúró ni gbogbo èèyàn máa wà. Wọ́n á gbá òǹtẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ yín, kí ẹ béèrè bóyá ẹni tó bá jáde lè padà wọlé, torí ilé mìíràn kì í gbà. A kì í mu sìgá nínú ilé; òfin yẹn ti wà ní England láti 2007. Ẹni tí kì í mu ọtí, kí ó má tijú: òfin ní kí ilé ọtí fún yín ní omi ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́ bí ẹ bá béèrè, ní England àti Wales.

Ìwà inú ilé náà yàtọ̀. Kò sẹ́ni tó ń gun pèpéle lọ jó níwájú olórin, kò sẹ́ni tó ń lẹ owó mọ́ni níwájú orí, kò sì sẹ́ni tí wọ́n máa kì ní oríkì. Bí orin bá rọlẹ̀, èrò á dákẹ́. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ lókè nígbà náà, wọ́n á wò ó títí ojú á fi tì í. Bí ó bá gbóná, àwọn ọ̀dọ́ tó wà níwájú lè máa ti ara wọn kiri. Ìjà kọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣubú, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n máa fà á dìde. Ẹni tí kò bá fẹ́ irú rẹ̀, kí ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tàbí lẹ́yìn, nítòsí ẹni tó ń tún ohùn ṣe. Ibẹ̀ ni orin ti máa ń dún dáadáa jù. Ẹ ra rọ́bà tí wọ́n fi ń dí etí, kò wọ́n. Yàrá kékeré, ìlù ńlá: etí tó bá ti bàjẹ́ kì í padà bọ̀ sípò.

Mi ò ní tan yín jẹ lórí ọ̀rọ̀ àwọ̀. Ní ìlú kan, ẹ lè jẹ́ dúdú kan ṣoṣo nínú gbogbo ilé náà, ó sì lè kọ́kọ́ wúwo lára yín. Kò yẹ kó lé yín padà sílé. Ní ìgbà kejì tàbí ìkẹta, ẹni tó ń ta ọtí á ti mọ ojú yín, ẹni tẹ́ ẹ jọ dúró ní iwájú á ti béèrè orúkọ yín. Fún ẹ̀yin obìnrin, bí ẹnikẹ́ni bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ lọ sídìí ọtí kí ẹ ní ẹ ń wá Angela. Ọ̀rọ̀ àṣírí ni, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ mọ ìtumọ̀ rẹ̀, wọ́n á mú yín kúrò níbẹ̀ láìpariwo. Ẹni tí kò lè dúró pẹ́ tàbí tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ lè kọ̀wé sí ilé orin ṣáájú. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń fún ẹni tó ń tì í lẹ́yìn ní tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́.

Bó bá jẹ́ pé inú yín dùn sí olórin, ìdí tábìlì tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, níbi tí wọ́n ti ń ta àwo àti tíṣẹ́ẹ̀tì, ni ẹ ti máa ná owó fún un. Mo fẹ́ràn tábìlì yìí ju gbogbo nǹkan lọ. Ẹni tó ń ta okùn báàsì lórí pèpéle ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn, òógùn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, òun náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́ páálí tíṣẹ́ẹ̀tì, tó ń wá èyí tó máa bá yín lára mu, ẹ̀rọ káàdì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Á béèrè ibi tẹ́ ẹ ti wá. Ẹ bá ti dáhùn pé Èkó ni, á dárúkọ Fẹlá tàbí Tony Allen, ọ̀rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀. Owó tíkẹ́ẹ̀tì kì í fi bẹ́ẹ̀ kù sọ́wọ́ báńdì kékeré lẹ́yìn epo ọkọ̀ àti ibi tí wọ́n máa sùn. Tíṣẹ́ẹ̀tì kan tàbí àwo kan tí ẹ bá rà ló ń gbé wọn dé ìlú tó kàn. Àwọn ilé náà ò rọ́wọ́ mú. Music Venue Trust, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2014 láti gbèjà wọn, sọ pé 125 nínú wọn ló kógbá wọlé tàbí jáwọ́ nínú orin ní 2023. Ẹni tó bá dé Ìlú Ọba ní oṣù Kìíní, nígbà tí òkùnkùn ti ń ṣú ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kó wá ètò Independent Venue Week tó máa ń wáyé ní ìparí oṣù náà. Àwọn ilé kéékèèké káàkiri orílẹ̀-èdè máa ń kún fún eré lọ́sẹ̀ yẹn.

Ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ bí ẹ ṣe máa délé kí ẹ tó jáde. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ máa ń dáwọ́ dúró ní nǹkan bí ọ̀gànjọ́ òru, àfi lálẹ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta tí ọ̀nà Victoria, Central, Jubilee, Northern àti Piccadilly máa ń ṣiṣẹ́ mọ́jú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ibùdó wọn. Láwọn alẹ́ tó kù, bọ́ọ̀sì tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú N ni kí ẹ máa wò. Láwọn ìlú kékeré, reluwé tó kẹ́yìn lè lọ kí báńdì tó kọ orin tó kẹ́yìn, ẹ yẹ aago rẹ̀ wò láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí ẹ sì dúró sítòsí ilẹ̀kùn bó bá ti ń lọ sí 10:30.